Ẹ Bá Mi Gbọ́ Àyà Ìyàwó Mi

Ẹ̀yìn Ibùdó Takisí Wôrô-wôrô,
Koumassi Remblais,
Abidjan.
Ọjọ́ Kẹfà, Oṣù Kẹta, Ọdún 2007.

Alága Ìgbìmọ̀ Alábòójútó,
Ilé Ìwòsàn Ẹgbẹ́ Ìfẹ́sowápọ̀,
Koumassi, Abidjan.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀SÙN LÓRÍ BÍ WỌ́N ṢE DÁ TAWAKALITOU PADÀ LÁÌGBỌ́ ÀYÀ RẸ̀

Mo kọ ìwé yìí pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé sùúrù ti ń tán lọ́wọ́ mi. Èmi ni Kassim Adélànà, aránṣọ, ọ̀kan nínú ọmọ ẹgbẹ́ tó dá ilé ìwòsàn yín sílẹ̀. Lọ́dọ̀ yín ni Tawakalitou ìyàwó mi ti bí ọmọkùnrin lẹ́yìn Iléyá tó kọjá.

Kò pẹ́ tí a délé tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í wú, ojú rẹ̀ náà sì kún. Ẹ̀yin náà mọ bí tiwa ṣe rí. Gbogbo ẹni tó wá kí wa kú ewu ọmọ ló ń yìn ín pé ó ti ń sanra, pé ọkọ rẹ̀ ń tọ́jú rẹ̀. Ìyá mi ń fún un ní ẹ̀kọ gbígbóná àti ọbẹ̀ ata, inú wa sì ń dùn. Wíwú ni, sísanra la pè é.

Nígbà tó yá, kò lè gbé ọmọ láti ẹnu ọ̀nà dé orí bẹ́ẹ̀dì kó má mí hẹlẹhẹlẹ. Bó bá dùbúlẹ̀, èémí rẹ̀ á há. Ìjókòó ló fi ń sùn, ìdì aṣọ àwọn oníbàárà mi la fi ń tì í lẹ́yìn. Mo gbé e wá sọ́dọ̀ yín. Nọ́ọ̀sì àgbà yín, Ìyáàfin Adéfọlákẹ́, wò ó lójú, ó rẹ́rìn-ín, ó ní mo kú ìtọ́jú, pé bí ìyá ìkókó ṣe ń rí nìyẹn. Ó fún un ní oògùn ibà. Nígbà tí a padà wá, ó ní àìsùn ni.

Ohun tó bà mí nínú jẹ́ jù rèé. Ajá Madame Anita, onílé wa, ń wúkọ́, kò sì lè fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ kó pẹ́. Èmi ni mo bá a gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Dókítà náà gbé ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà lé ìhà ajá náà lọ́tùn-ún lósì, ó fara balẹ̀ gbọ́ ọ, ó ní ọkàn rẹ̀ ló ti rẹ̀, ìdí nìyẹn tí omi fi ń dá sí i lára. Bó ṣe ń ka àwọn àmì náà, ìyàwó mi ni mo ń rí. Mo sọ fún un. Ó ní òun kì í ṣe dókítà èèyàn, ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ ọjọ́ náà má ṣe ṣú kí ẹnì kan tó gbọ́ àyà rẹ̀.

Mo sáré wá. Àwọn òṣìṣẹ́ yín fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo mú ọ̀rọ̀ dókítà ajá wá kọ́ wọn níṣẹ́. Dókítà ọkàn tó máa ń wá lọ́jọ́ Jímọ̀ wá, ó sì lọ. Wọn kò jẹ́ kí a dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, wọ́n ní nọ́ọ̀sì ti sọ pé kò sí ohun tó ṣe é. Mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, wọ́n ní àfi kí ẹ̀yin rán an wá kí àwọn tó gbà á.

Ẹ̀yin Ọ̀gá, ó ti sú mi. Ajá rí ẹni gbọ́ àyà rẹ̀, ìyá ọlọ́mọ kò rí. Ètè rẹ̀ ti ń dúdú. Ọmọ ń ké, ìyá rẹ̀ kò lágbára láti nawọ́ gbà á. Ẹ̀rù ń bà mí láti lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀rù sì ń bà mí láti jókòó tì í.

Mi ò ní kí ẹ lé nọ́ọ̀sì. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí dókítà ọkàn rí Tawakalitou, tàbí kí ẹ rán an lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ẹ sì pàṣẹ pé ìyá ìkókó yòówù tó bá ń wú, tí kò lè mí dáadáa, kí wọ́n gbọ́ àyà rẹ̀ kí wọ́n tó yin ọkọ rẹ̀.

Bí ìwé yìí bá pẹ́ lórí tábìlì yín, ẹ má wulẹ̀ fèsì mọ́.

Ẹ ṣeun.

Èmi ni tiyín nínú ìdààmú,

Kassim Adélànà,
Aránṣọ, ọkọ Tawakalitou.