Mo Ti Jáde Nínú Gbogbo Ẹgbẹ́ Orí Fóònù

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ara ńkọ́? Àwa wà ńlé, à ń ṣe é bó ṣe gbà. Kí Olúwa má ṣe jẹ́ kí ilẹ̀ tí o ń tẹ̀ níbẹ̀ yẹ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀.

Fóònù tí o rà fún mi ń ṣiṣẹ́, àní ó ń ṣiṣẹ́ jù mí lọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹgbẹ́ aránṣọ, ẹgbẹ́ àdúgbò, ẹgbẹ́ ẹbí bàbá rẹ àti ẹgbẹ́ kan tí mi ò mọ ẹni tó fi mí sí i á ti kí mi káàárọ̀. Ìwọ náà mọ̀ pé mi ò lè gbọ́ ìkíni kí n dákẹ́, torí náà mò ń dá wọn lóhùn níkọ̀ọ̀kan, tó bá sì jẹ́ àgbà ló kí mi, mo máa ń kúnlẹ̀ kí n tó tẹ̀ ẹ́. Àdúrà ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ jù, ta ni yóò gbàdúrà fún mi tí mi ò ní ṣe àmín? Bí mo bá ti gbẹ́sẹ̀ lé ẹ̀rọ ìránṣọ báyìí, fóònù á dún, màá tún gbẹ́sẹ̀ kúrò. Apá búláòsì ìyàwó káfíńtà, òdìkejì ni mo rán an sí.

Àárò ìgbà bàbá rẹ ń sọ mí. Nígbà náà, awakọ̀ tó bá ti ìlú ńlá dé nìkan ló ń mú ìròyìn wọlé. Bàbá rẹ á jẹ́ kó mu omi tán, á wá bi í pé ṣé ọ̀rọ̀ náà kàn wá. Bí kò bá kàn wá, a ó rẹ́rìn-ín, a ó sì jókòó ti ara wa lójú fèrèsé. Ohùn bàbá rẹ nìkan ló ń dún létí mi, kò sì sí èyí tí mi ò gbọ́ níbẹ̀.

Nígbà tí mi ò gbúròó rẹ mọ́, mo ní kí nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, tó múlé tì wá, bá mi wá ibi tí o ti kọ̀wé sí mi kẹ́yìn. Ó wá a títí, lábẹ́ gbogbo àwòrán òdòdó àti àbẹ́là tí wọ́n ń fi ránṣẹ́. O kọ ọ́ pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ, o ò mọ ohun tí wàá ṣe. Èmi ìyá rẹ sì fèsì sí i nísàlẹ̀ pé, àmín, á rí bẹ́ẹ̀.

Ọmọ mi, mi ò kà á. Mo rò pé ọ̀kan nínú àdúrà òwúrọ̀ ni. Mo sunkún débi pé nọ́ọ̀sì gbé fóònù sílẹ̀, ó ń fi ìborùn rẹ̀ nu ojú mi. Mo pè ọ́, o ò gbé e, ó sì yé mi, ìdí tí mo fi ń kọ lẹ́tà nìyí.

Mo ti jáde nínú gbogbo ẹgbẹ́ náà. Atúnfóònùṣe ní kò lè pẹ́ rárá, ṣùgbọ́n mi ò lè dìde láàárín èèyàn láìdágbére, mo bá kọ́kọ́ lọ láti ojúlé dé ojúlé, mo ní kí wọ́n má bínú. Àwọn kan bi mí pé ibo ni mò ń lọ. Ìwọ nìkan ló kù lórí fóònù náà báyìí.

Lẹ́tà mi kì í tán láìbèèrè owó. Èyí tí o máa fi ra dátà fún mi, fi wọkọ̀ wálé. Kí Olúwa tó rí ọ níbi tí èmi ò ti rí ọ la ọ̀nà míì fún ọ. Wá jókòó tì mí, kí o sọ ọ́ fún mi látìbẹ̀rẹ̀, mi ò ní fèsì kankan títí wàá fi sọ ọ́ tán.

Èmi ni,
Ìyá rẹ