Ṣẹ́ẹ̀tì Tó Jáde Nínú Béélì

Ìyá mi, ìyá ọkọ mi,

Ṣé ara yín le? Ara èmi àti Fàdílátù dá. Òjò ò jẹ́ kí ọjà tà ní Kantamanto, ọjà òkìrìkà tí mo ti ń tajà níbí, ṣùgbọ́n mi ò káwọ́ gbera. Bí kò bá sí oníbàárà, mo máa ń fọ òkìrìkà tó dọ̀tí, màá rán bọ́tìnnì tó já, owó rẹ̀ á sì lé sí i.

Lánàá, mo tú béélì òkìrìkà tuntun, ṣẹ́ẹ̀tì búlúù kan jáde, òwú pupa ni wọ́n fi rán àpò rẹ̀. Ẹ rántí pé òwú dúdú tán lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ tí Bàbá Fàdílátù wá dágbére Ítálì fún yín, tí mo fi pupa rán àpò ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, tí ẹ̀ ń fi mí rẹ́rìn-ín. Aṣọ máa ń jọra, Ìyá mi. Nẹ́tíwọ̀kì ni kò jẹ́ kí Bàbá Fàdílátù pè láti ìgbà tó ti lọ.

Aṣọ òyìnbó tó ti kú ni wọ́n ń pe òkìrìkà níbí. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀.

Mo ti fọ̀ ọ́, mo sì lọ̀ ọ́. Oníbàárà kan béèrè iye rẹ̀, mo ní ẹni tó ni ín ń bọ̀ wá mú un.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì kó aṣọ Bàbá Fàdílátù fún ẹnikẹ́ni.

Èmi ni Sẹ̀kínátù, ìyàwó yín.