Wàhábì Àdìsá, Ẹni Tó Kọ Ìtàn Ọkọ̀ Ogun Ọ̀fíkì

Sí Alhája Nàfísàt, àwọn ọmọ àti gbogbo ẹbí Olóògbé Wàhábì Àdìsá, Igbó-Ọrà.

Pẹ̀lú ọkàn tó wúwo ni Ẹgbẹ́ Àwọn Ológun Ojú Omi Tó Ti Fẹ̀yìntì, Ẹ̀ka Ìbàràpá, fi ń kọ̀wé yìí sí yín lórí ikú Bàbá Hàlímọ̀.

Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà fa ọkọ̀ ogun tí a wá sọ ní Ọ̀fíkì lé wa lọ́wọ́, ní ohun tó lé ní ogún ọdún sẹ́yìn, Wàhábì wà lára àwọn tó lọ gbé e wálé. Nídìí ẹ́ńjìnnì ni iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ọkọ̀ náà ti sìn lọ́hùn-ún fún ọgbọ̀n ọdún, ó sì ń wúkọ́ bí àgbàlagbà. Láàárín agbami, ẹ́ńjìnnì kan daṣẹ́ sílẹ̀. Ọjọ́ méjì ni Wàhábì fi jókòó tì í kó tó gbọ́ràn. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe ọkọ̀ náà ní àlòkù. Ó ní ọmọ tí a gbà tọ́ kì í ṣe àlòkù.

Nígbà tó fẹ̀yìntì, ẹgbẹ́ ní kó kọ ìtàn ọkọ̀ náà. Ó kọ lẹ́tà sí àwọn arúgbó tó ti wà nínú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì dá a lóhùn. Bí wọ́n ṣe yọ àwọn apẹja nínú ìjì lọ́dọ̀ tiwọn, bí àwa náà ṣe fi í lé àwọn olè epo, ó kọ gbogbo rẹ̀ bí ìtàn ọmọ kan ṣoṣo.

Ọ̀fíkì ní èkejì tí wọ́n kàn pẹ̀lú rẹ̀ nígbà kan náà ní Amẹ́ríkà. Ìbejì ni Wàhábì ń pè wọ́n. Wọ́n ti tú èkejì yẹn palẹ̀, wọ́n ta irin rẹ̀. Wàhábì kọ ọ́ sínú ìwé pé, "Ó lọ ṣẹ́gi," bí a ti ń sọ nílé wa bí ìbejì bá kú. Akọ̀wé ẹgbẹ́ yìí fi gègé pa á rẹ́, ó kọ "Ó ti kú" sípò rẹ̀, nítorí pé ìwé náà ń lọ sọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá ní Èkó. Wàhábì wò ó, ó ní, "Akọ̀wé, ìwọ ọmọ Igbó-Ọrà! Ta ló kọ́ ọ pé kí o máa kéde òkú ìbejì sétí èkejì rẹ̀?" Ó ká ìwé rẹ̀, ó di ilé. Oṣù méje ni kò fi wá sípàdé. Akọ̀wé kò lọ bẹ̀ ẹ́. Ó rò pé àyè ṣì wà.

Ní àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Hàlímọ̀ bi wá bóyá ìwé bàbá òun yóò kàn jẹrà sínú àpótí ni. Rárá o. Ẹgbẹ́ ti pinnu pé a ó tẹ̀ ẹ́ bó ṣe kọ ọ́ gan-an, láìyọ ọ̀rọ̀ kan. Akọ̀wé ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ dà á kọ. Ẹ̀yin ni ẹ ó kọ́kọ́ gbà á, kí Èkó tó rí i, yóò sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ náà. Oko ẹ̀gẹ́ tó fi sílẹ̀ lọ́nà Ìdèrè ńkọ́? Àwa la ó bá yín ro ó, tí a ó sì bá yín wà á.

Kí Ọlọ́hun dárí àṣìṣe rẹ̀ jì í, kó fi Àlùjánnà ṣe ibùgbé rẹ̀. Alhája, kó tù yín nínú, kó dúró ti àwọn ọmọ, kó má sì jẹ́ kí ilé náà ṣófo.

Malachi Akínladé,
Akọ̀wé Ẹgbẹ́.