Orúkọ Tí A Pè Nínú Orin

Wọ́ọ̀dù Àwọn Ọmọdé,
Kábà.
Ọjọ́ 14, oṣù Kẹjọ, 1955.

Bàbá Ọmọ́ṣọlá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo nírètí pé lẹ́tà yìí á bá yín nínú ara líle, àti pé òtútù Jos kò fi yín ṣe ẹlẹ́yà níbi iṣẹ́ ìwakùsà. Ẹ má fo ìlà bí ìṣe yín. Bí mo ṣe to ọ̀rọ̀ yìí ni kí ẹ ṣe kà á.

Lẹ́yìn tí ẹ padà, ara ọmọ wa tún wú. Ojú rẹ̀ wú dí, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan òun. Nọ́ọ̀sì Martha ló wá dá orin kan sílẹ̀ fún wa, láràárọ̀ kí abẹ́rẹ́ tó dé. Àwa ìyá á máa pàtẹ́wọ́ jẹ́jẹ́, a ó pe orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan, a ó fi ìkíni ilé kí i pé "Okun," òun náà á dáhùn pé "Okun." Èyí tí kò lè sọ̀rọ̀ á na ìka. Èmi tí mo ti sọ pé orin kò lè ṣe nǹkan kan, mo rí i pé ọmọ tó bá ń retí orúkọ rẹ̀ kì í rántí abẹ́rẹ́. Àwa ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí í rí oorun sùn. Mo tilẹ̀ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ kan.

Ọmọkùnrin kan wà ní ibùsùn tó kọjú sí tiwa, Ìbítóyè, ará Ìyámoyè. Ohùn rẹ̀ ha. "Okun, yèyé" ni ó máa ń dáhùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo wa la jọ pè é. Ó kú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ìyá rẹ̀ gbé e lọ sílé láìsunkún.

Ní Ọjọ́bọ̀ a tún kọrin. Orin ti mọ́ wa lẹ́nu jù; a ti pe Ìbítóyè kí a tó rántí. Ẹ mọ̀ pé lọ́dọ̀ tiwa, a kì í kí ènìyàn kí ó má dáhùn. "Okun, yèyé." Ohùn tó ha yẹn ni. Ẹnu Ọmọ́ṣọlá ló ti jáde.

Nígbà tó kan orúkọ tirẹ̀, kò dáhùn. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ń pè é, kò wojú mi. Wíwú náà dé àyà, mímí rẹ̀ sì ń kúrú. Dókítà ní ibà ló ń mú un sọ ìsọkúsọ. Mi ò bá a jiyàn. Àwọn ìyá yòókù ká ẹní wọn jìnnà sí wa. Ẹ̀rù bà mí, Bàbá Ọmọ́ṣọlá, ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo ránṣẹ́ sí ìyá Ìbítóyè ní Ìyámoyè, torí mo rò pé ẹni tó bí ọmọ nìkan ló lè ní kí ó dákẹ́.

Ìyá Ìbítóyè dé lọ́jọ́ Ajé, lọ́sàn-án gangan. Ó pè é: "Ìbítóyè, okun." Ohùn tó ha náà dáhùn láti ẹnu Ọmọ́ṣọlá. Ìyá rẹ̀ tún pè é, ohùn náà tún dáhùn. Obìnrin náà jókòó, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń pè é lọ. Bí ó bá ti dáhùn lẹ́ẹ̀kan, mímí ọmọ wa á tún dín sí i. Mo fẹ́ sọ pé ó tó, mi ò lè sọ ọ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ní kí ìyá má pe ọmọ rẹ̀? Mo kàn mú ọwọ́ obìnrin náà, mo gbé e lé àyà Ọmọ́ṣọlá.

Ó fi ọwọ́ mọ bí mímí náà ṣe kúrú tó. Lẹ́yìn náà ó tẹ̀ síbi etí ọmọ wa, ó ní, "Ìbítóyè, ọmọ yèyé, ó tó. Bí èmi fúnra mi bá tún pè ọ́, má jẹ́ ìpè mi mọ́."

Ìgbà náà ni Ìyá Ìbítóyè tó sunkún. Ọmọ́ṣọlá lajú, ó béèrè omi, ó bi mí pé ta ló ń sunkún. Láti ọjọ́ náà ló ti ń tọ̀ dáadáa, wíwú ara rẹ̀ sì ti ń lọ sílẹ̀.

Ọlọ́run tó dá a padà fún wa á pa ẹ̀yin náà mọ́ nínú ihò tí ẹ ń wọ̀. Ilẹ̀ kò ní wó lù yín. Ẹsẹ̀ ara yín lẹ ó fi rìn wálé.

Èmi ni aya yín tó ń retí yín,
Theresa.

Mo fẹ́ẹ̀ gbàgbé: Ìyá Ìbítóyè kò tíì padà sílé. Òun ló ń dá orin fún wa láràárọ̀ báyìí. Ó ń pe gbogbo ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sì tíì ṣèèṣì pe Ìbítóyè rí.