Ẹ́ńjìnnì Tí A Ṣe Lálejò Jù

Jahra,
Kuwait.
Ọjọ́ Kẹtàdínlógún, Oṣù Kejì, 2019.

Bàbá Yazan, ọ̀rẹ́ mi tí ọ̀nà jíjìn kò sọ di àjèjì,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ìyá Yazan ńkọ́? Ṣé orúnkún rẹ̀ ti gbà kí ó máa gun àtẹ̀gùn ilé yín ní Amman, àbí ìsàlẹ̀ ni ẹ̀yin méjèèjì ṣì ń sùn? Yazan àti ìyàwó rẹ̀ ńkọ́? Mo gbọ́ pé yìnyín bọ́ lọ́dọ̀ yín lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ kú òtútù o. Àwa náà wà láyé. Ẹ̀jẹ̀ mi ń ru, ó ń rọlẹ̀, bó ṣe ń ṣe nígbà tí a jọ ń kọ́ àwọn ọmọ. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé kò sí ọ̀gá ilé-ìwé tí mo lè di ẹ̀bi rẹ̀ rù mọ́.

Mo ní ìròyìn kan fún ọ, jókòó kí o tó kà á. O rántí ibi tí a máa ń pàgọ́ sí ní aṣálẹ̀, abẹ́ gegele yẹn tó ń gba afẹ́fẹ́ àríwá dúró fún wa, níbi tí iná ti jó ọ láṣọ lọ́jọ́ tí o ní o fẹ́ yan ẹran. O sì mọ̀ pé bàbá àgbà kan náà ni Bàbá Mishari àti Bàbá Nawaf jọ ní, òun ló sì kọ́kọ́ pàgọ́ síbẹ̀. Lọ́dún yìí, àárọ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì débẹ̀. Oníkálùkù kan èèkàn tirẹ̀ mọ́lẹ̀, oníkálùkù ní òun ni àrólé. Wọ́n jiyàn títí ràkúnmí kan fi dúró wò wọ́n, ó sú u, ó bá tirẹ̀ lọ. Nígbẹ̀yìn wọ́n ní kí eré ìje parí ọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá kírun Jímọ̀ tán, ọkọ̀ tó bá kọ́kọ́ yí gegele náà po ni olówó rẹ̀ yóò jogún ibẹ̀. Ẹni tó bá pàdánù á kó ẹbí rẹ̀ lọ sẹ́bàá ọ̀nà tí àwọn táńkà omi ń gbà, kí ó lọ máa jẹ eruku.

Kì í ṣe ọkọ̀ gidi o. Àwọn ọkọ̀ kékeré onírìmóòtù yẹn ni, èyí tí àwọn onírùngbọ̀n funfun ìlú wa fi ń ṣeré, tí ẹ́ńjìnnì wọn ń mu epo nitro, tí wọ́n sì ń ké bí agbọ́n tó há sínú agolo. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré fún Bàbá Mishari. Ó ti ṣèlérí fún ìyá rẹ̀ pé ibi tí màmá ti ń jókòó wo oòrùn àárọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e níyàwó, ibẹ̀ náà ni yóò jókòó sí lọ́dún yìí. Màmá ti dàgbà gan-an. Kò sẹ́ni tó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ọdún tó ń bọ̀ níwájú rẹ̀.

O mọ Bàbá Mishari. Láti ìgbà tó ti fẹ̀yìntì ní ọ́fíìsì ìjọba, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé wọ́n máa lu òǹtẹ̀ lé gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ náà, ó gbé ọkọ̀ rẹ̀ kalẹ̀ sórí ẹní láàárín àgọ́, níbi tí a ti ń mu kọfí, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìwàásù. Ó ní ẹ́ńjìnnì kò lè ṣiṣẹ́ láìkọ́kọ́ tọ́ epo wò. Rọ́bà kékeré kan wà lára táńkì rẹ̀, tí o bá tẹ̀ ẹ́, epo á gba inú ọpá lọ sínú ẹ́ńjìnnì. Ó tẹ̀ ẹ́. Òótọ́ ni gbogbo ohun tó sọ títí dé ibẹ̀. Ì bá kàn fa okùn ẹ́ńjìnnì náà nígbà yẹn, n kì bá tí ní lẹ́tà kọ.

Ṣùgbọ́n ìwàásù kò tíì parí. Ẹ̀gbọ́n Suwaylih, àbúrò bàbá wọn tó ń bu kọfí fún wa, wo ọkọ̀ náà, ó wò ó, ó ní, “Ṣé eléyìí ti mu?” Ó bẹ̀rẹ̀, ó tẹ rọ́bà. Ẹni tó wọlé tẹ̀lé e kí wa, ó jókòó, ó béèrè bóyá ọkọ̀ ti mu, òun náà tẹ̀ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ẹni tó ń wọlé ń ṣe. Èmi náà tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n má baà pè mí láhun. Ìwọ náà mọ àṣà wa: ẹni tó ń bu kọfí kì í dẹ́kun bíbù títí àlejò yóò fi mi ife rẹ̀ pé ó tó. Ọkọ̀ kò ní ife tí yóò mì.

Nígbà tí Bàbá Mishari parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó fa okùn, okùn kò wá. Ó le gbagidi bí ìgbà tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì dè é. Ó ní bátìrì ni, ó pààrọ̀ bátìrì. Ó ní òtútù ni, wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e bí ọmọ tuntun. Ìyá Mishari, ìyàwó rẹ̀, ní ojú burúkú ni, ló bá gbé àwo tùràrí tó ń rú èéfín bọ̀ láti fi lé e. Ìgbà tí mo rí ẹyín iná tó ń sún mọ́ epo, mo fò dìde bí ọmọ ogún ọdún, mo gba àwo náà. Wọ́n ní mi ò nígbàgbọ́. Lẹ́yìn náà ni ẹnìkan wá fara balẹ̀ sọ pé bóyá òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́ o. Wọ́n tún tẹ rọ́bà.

Màmá pe ọmọ rẹ̀. Ó kàn béèrè pé, “Ṣé kí n máa ká ẹní mi?”

Bàbá Mishari gbé agbádá dúdú rẹ̀ wọ̀, ó ní kí n tẹ̀lé òun, ó di àgọ́ Bàbá Nawaf. Wọ́n bu kọfí fún un. Ó gbà á, ó gbé e kalẹ̀ síwájú rẹ̀, kò mu ún. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé àlejò tó bá gbé kọfí kalẹ̀ ní ẹ̀bẹ̀, ìtìjú sì ni fún onílé tí kò bá gbọ́ ọ.

Bàbá Nawaf ní, “Kí lo fẹ́?”

“Ẹ́ńjìnnì mi kọ̀. Wá bá mi tún un ṣe.”

“Kó o lè fi lé mi kúrò nílẹ̀ bàbá mi àgbà?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ojú ò tiẹ̀ tì ẹ́?”

“Ó tì mí. Kọfí ń tutù.”

Bàbá Nawaf bojú wò mí bí ẹni pé èmi ni mo kọ́ ọ. Ó mí kanlẹ̀. “Mu kọfí ẹ, jàre.”

Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀. Ó gbé ọkọ̀ tirẹ̀ náà dání, ó ní òun ò lè fi sílẹ̀ láìsí òun nítòsí. Fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó fa okùn lẹ́ẹ̀kan, ó gbóòórùn ẹ́ńjìnnì, ó ní, “Ta ló ń fún eléyìí lépo?” Gbogbo wa nawọ́. Ó ní epo ti kún inú rẹ̀ dẹ́nu, kò sáyè tí irin inú rẹ̀ lè gbà yí. Tí ẹnìkan bá sì fi agbára fà á, yóò kán. Ó tú púlọ́ọ̀gì orí rẹ̀, ó fi aṣọ nù ún gbẹ. Ó dojú ọkọ̀ náà dé, ó ní kí a sún sẹ́yìn.

A sún. Bàbá Mishari nìkan ló tẹ̀ síwájú, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀, ó fi ìka tọ́ka sí ihò púlọ́ọ̀gì, ó ní, “Ohun tí ẹ ń wò yìí ni àwa onímọ̀ ń pè ní—”

Bàbá Nawaf fa okùn. Epo tú jáde fùú, ó lọ tààrà sí rùngbọ̀n Bàbá Mishari. Títí di òní, a kò mọ ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè é.

Wọ́n fà á títí tí kò fi sí epo mọ́, wọ́n dá púlọ́ọ̀gì padà. Fífà kan péré, ọkọ̀ ké bí agbọ́n. Àwọn obìnrin figbe ayọ̀ ta láti apá tiwọn. Màmá tún ẹní rẹ̀ tẹ́.

A kírun Jímọ̀ tán, ó wá di ojú ìlà eré. Tiwa ń gbọ̀n, ó ń yán hànhàn láti sáré. Bàbá Nawaf fa okùn tirẹ̀. Gbagidi. Ó tún un fà. Gbagidi. Ó rọra yíjú padà.

“Ta ló fọwọ́ kan ọkọ̀ mi?”

“Èmi ni,” Ẹ̀gbọ́n Suwaylih dáhùn, láìmikàn. “Ó wọ àgọ́ wa. Ṣé ká máa wò ó lásán ni?”

“Baba, ẹ̀ẹ̀mélòó lẹ tẹ̀ ẹ́?”

“Mo ń retí kó sọ pé ó tó. Kò sọ nǹkan kan.”

Bàbá Yazan, rìmóòtù wà lọ́wọ́ Bàbá Mishari. Gegele wà níwájú. Kò sí ọkọ̀ mìíràn tó lè sáré. Ìka kan péré ló kù. Mo wò ó bó ṣe wo ìyá rẹ̀ lórí ẹní, tó wo Ẹ̀gbọ́n Suwaylih, tó wo ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe. Ó pa ẹ́ńjìnnì. Mo retí ìwàásù, ọ̀rọ̀ kan ló sọ: “Kọfí.”

Wọ́n bù ú fún Bàbá Nawaf níbẹ̀, lórí iyanrìn. Ó gbà á, ó wò ó, ó gbé e kalẹ̀.

“Mo fẹ́ ìdajì ilẹ̀ yẹn.”

“Ìdajì wo?”

“Ìdajì tí afẹ́fẹ́ ò dé.”

“Gbogbo ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ò dé, òpònú.”

“Ó dáa, èyíkéyìí.”

“Mu kọfí ẹ.”

Báyìí, àgọ́ méjèèjì ló wà lábẹ́ gegele, wọ́n sún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí okùn wọn fi kọjá lórí ara wọn, kò sẹ́ni tó lè tú tirẹ̀ kó má tú tẹnìkejì. Àárín wọn ni tìmùtìmù mi bọ́ sí, mo ń gbọ́ ìhanrun ìdílé méjì. Màmá ń wo oòrùn rẹ̀ láràárọ̀. Wọn kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tan ọkọ̀ kankan mọ́ láìjẹ́ pé Ẹ̀gbọ́n Suwaylih kọ́kọ́ fi ọwọ́ méjèèjì gbé e sókè, kí ó mì ín lọ mì ín bọ̀ bí ife kọfí, kí ó sì kéde fún gbogbo èèyàn pé, “Ó ló ti tó o!”

Bá mi kí Ìyá Yazan, sọ fún un pé dàbínù rẹ̀ wà lọ́nà. Kí Yazan àti gbogbo àwọn tó ṣì ń béèrè mi ní àdúgbò yín. Wá kí wa kí ooru tó dé. Tí o bá dé àgọ́, má fọwọ́ kan rọ́bà kankan.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí kò tíì mi ife rẹ̀,

Tíṣà Barrak