Sí Ọmọ Mi Tí Wọ́n Gé Ọ́fíìsì Rẹ̀ Lulẹ̀

Àbíkẹ́yìn mi ọ̀wọ́n,

Ìyá rẹ ló ń kí ọ o, bàbá rẹ náà ń kí ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń sùn lórí àga báyìí tí mo ń bá a kí ọ. Ṣé ara le? Ṣé o ń jẹun kánú? Ọlọ́run tó mú ọ jáde nínú ilé yìí tọwọ́tẹsẹ̀ kò ní jẹ́ kí a gbọ́ ìròyìn rẹ lẹ́nu ẹni tí kò fẹ́ràn wa, ibi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́ sí èèyàn gidi, ojú ò ní tì ọ́ níbẹ̀. Àmín. Àwa náà wà, ewúrẹ́ dúdú yẹn ti bímọ, orúnkún mi ọ̀tún ṣì máa ń mọ̀ pé òjò ń bọ̀ kí ojú ọ̀run tó mọ̀, aránṣọ tó wà nítòsí wa sì ti ra ẹ̀rọ tuntun tí kò jẹ́ ká gbádùn, mo sì ń fura pé nítorí àtiṣe fọ́rífọ́rí lójú wa ló ṣe ń rán aṣọ tí kò sẹ́ni tó gbé wá.

Tíṣà tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa ló gbé fóònù rẹ̀ wá, ó ní o ti sọ̀rọ̀ síbẹ̀ láti àárọ̀. Mo bi í pé ta ló ń tọ́jú ọ̀rọ̀ náà láti àárọ̀, ó kàn na fóònù náà sí mi. Mo gbé etí sí i, mo gbọ́ tí o ní wọ́n ti gé ọ́fíìsì rẹ lulẹ̀. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ bó ṣe sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ gẹ́lẹ́, ìyẹn gan-an ló kọ́kọ́ mú mi fura, torí èmi tí mo bí ọ mọ̀ pé bí mo bá ní kí o tún nǹkan sọ, o máa ń kọ́kọ́ pòṣé ná.

Ọ́fíìsì wo wá ni wọ́n ń fi ayùn gé? Èyí tí mo mọ̀, wọ́n lè tì í pa, wọ́n lè wó o, ó lè jóná. Ìwọ lo sọ fún wa pé ọ́fíìsì rẹ kọjú sí òkun, pé atẹ́gùn ibẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ ò nílò fáànù, pé àwọn àlejò láti ìlú òkèèrè ń tò síwájú rẹ. Mo ti fi yangàn fún ìyàwó kápẹ́ńtà títí ó fi ń gba ọ̀nà ibòmíràn lọ sí odò. Ni Tíṣà bá tún fi fọ́tò hàn mí. Mo rí iyanrìn, mo rí oòrùn, mo rí kùkùté igi tí wọ́n tò lọ lẹ́bàá ọ̀nà, mo sì rí àpótí ìjókòó rẹ àti dígí rẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Mo wò ó, mo tún un wò. Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé abẹ́ igi lo ti ń dirun fún gbogbo àlejò yẹn. Mo bínú díẹ̀, mi ò ní purọ́ fún ọ. Lẹ́yìn náà ni àánú rẹ ṣe mí, omi bọ́ lójú mi sórí fóònù Tíṣà, ó sì sáré fi ẹ̀wù rẹ̀ nù ún bí ẹni pé iyọ̀ inú rẹ̀ yóò jẹ ẹ́.

Ṣùgbọ́n kí ló dé tí wọ́n fi gé e? Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Nílé níbí, bí ejò bá wọ igbó ẹ̀yìnkùlé, igbó yẹn là ń ṣán. Torí náà, sọ òótọ́ fún ìyá rẹ, ta ni wọ́n ń wá lábẹ́ àwọn igi yẹn? Ṣé kì í ṣe ìwọ? Mo ní kí Tíṣà yí fóònù náà dà kí n wo ẹni tó fara pamọ́ sẹ́yìn kùkùté, ó ní bátìrì ló wà lẹ́yìn. Bàbá rẹ ní bóyá wọ́n kàn nílò igi ìdáná ni. Ọkùnrin yẹn ò fura sí nǹkan kan rí láyé rẹ̀, ìyẹn náà ló jẹ́ kó fẹ́ mi láìwádìí.

Àfi bí ọkọ̀ ńlá kan tó ní apá gígùn ṣe wọ àgbàlá wa lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọkùnrin kan tó wọ awò dúdú ló sọ̀ kalẹ̀, kò kí ẹnikẹ́ni dáadáa, igi àgbọn tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná ló tẹjú mọ́, ó ń wò ó látòkè délẹ̀ bí ẹni tó ń wá ìyàwó. Ó ní ìjọba ló rán àwọn, pé àwọn fẹ́ rà á. Mo ní kí lẹ fẹ́ fi ṣe, ó ní àwọn fẹ́ lọ rì í mọ́lẹ̀ sí etí òkun, níbi tí àwọn ti gé igi kúrò. Orí mi wú. Mo ní ẹ gé igi kúrò níbì kan, ẹ tún ń wá igi kiri fún ibẹ̀? Ó ní àwọn ti àtijọ́ yẹn ń da ewé sílẹ̀, pé wọn ò jẹ́ kí àwọn tó wà ní fèrèsé òtẹ́ẹ̀lì rí òkun. Òkun tó tóbi tó yẹn! Ó ní igi àgbọn ni àwọn àlejò ti rí nínú fọ́tò kí wọ́n tó kúrò nílé wọn, bí wọn ò bá bá a níbẹ̀, inú wọn kì í dùn. Mo ní bí wọ́n bá ti rí i, kí ni wọ́n tún ń bọ̀ wá wò? Ó bọ́ awò rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Mo díbọ́n pé mo fẹ́ lọ wo iná, mo wọ ilé ìdáná, mo ronú. Ìwọ náà mọ̀ pé bí wọ́n bá yá èèyàn nílẹ̀ dáko, kò sẹ́ni tó ní kó má gbin àgbàdo, kò sẹ́ni tó ní kó má gbin ẹ̀gẹ́, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbin igi, torí ẹni tí igi rẹ̀ bá ti fìdí múlẹ̀ síbì kan, kò sẹ́ni tó tún lè sọ fún un pé kò nílẹ̀ níbẹ̀. Ọkùnrin yìí kò mọ̀ ọ́n, tàbí ó mọ̀ ọ́n tó rò pé èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n. Ni mo bá jáde, mo ní mi ò tà á. Bàbá rẹ wúkọ́, irú ikọ́ tí kì í ṣe ti àìsàn. Mo ní mi ò tà á o, ọmọ mi ni mo fi ránṣẹ́ sí, kí wọ́n bá mi rì í síbi tí dígí rẹ̀ wà. Níṣojú bàbá rẹ, níṣojú Tíṣà, níṣojú aránṣọ ni mo ti sọ ọ́.

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí awakọ̀ rẹ̀ fi bá a dá sí i. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní Màmá, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an ni. Ó rò pé òun ti rẹ́ mi jẹ. Kó máa rẹ́rìn-ín lọ. Ẹni tó bá ta nǹkan ni kò lẹ́nu lórí ẹ̀ mọ́, èmi ò ta tèmi. Kí wọ́n tó fi àpò di gbòǹgbò rẹ̀, mo ti fi àdá ṣá a lẹ́ẹ̀mejì nítòsí ìdí, kí wọ́n má baà fi tẹlòmíì pààrọ̀ rẹ̀ lọ́nà.

Torí náà, máa lọ wò ó. Bí o bá ti rí ojú àdá méjì yẹn, gbé àpótí rẹ síbẹ̀, kí o jókòó. Bí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba bá ní kí o dìde, má bú wọn, fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé igi màmá rẹ ni, bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ rí ìwé, sọ pé ẹlẹ́rìí wà. Mo mọ̀ pé òjìji àgbọn kò tó nǹkan, kò lè dà bíi ti èyí tí wọ́n gé. Bó bá ṣe ń yí ni kí ìwọ náà máa yí tẹ̀lé e, kí o máa bẹ ẹni tí ò ń dirun fún kó bá ọ sún díẹ̀. Má sì jẹ́ kí wọ́n jókòó sábẹ́ èso rẹ̀ gangan, àgbọn tó bá já kò mọ àlejò.

Wàyí o, bàbá rẹ kò bá mi sọ̀rọ̀ dáadáa mọ́ nítorí owó tí mi ò gbà, apá gígùn ọkọ̀ yẹn sì ti ya páànù ilé ìdáná nígbà tó ń jáde. Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ ká fi tún un ṣe. Má fi gba báńkì o. Nígbà tí mo lọ kẹ́yìn, ọmọbìnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì ní kí n tún fọwọ́ sí ìwé bí mo ṣe fọwọ́ sí i nígbà àkọ́kọ́, mo fọwọ́ sí i, ó ní kò jọra, pé òun ò mọ̀ bóyá èmi ni. Èmi tí mo dúró síwájú rẹ̀! Bí wọ́n bá lè jiyàn èmi gan-an lójú mi, kí ni wọn ò ní ṣe fún owó tí kò lè sọ̀rọ̀? Ẹni tó ń bọ̀ wálé ni kí o fi rán, kí o sì wo ojú rẹ̀ dáadáa kí o tó kó o fún un.

Oòrùn kò ní pa ọ́ lọ́sàn-án, òṣùpá kò ní pa ọ́ lóru. Ọwọ́ rẹ tó ń tún orí ẹni ẹlẹ́ni ṣe, orí tìrẹ náà kò ní bàjẹ́. Ibi tí wọ́n ti lé ọ, wọn yóò fi ìkúnlẹ̀ pè ọ́ padà.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Ihò tí wọ́n ti hú igi yẹn ṣì wà lẹ́yìn ilé ìdáná. Bàbá rẹ fẹ́ dí i, ó ní ọmọ ewúrẹ́ lè já sí i, mo ní kó má fọwọ́ kàn án, mo ti fi pákó bo ẹnu rẹ̀. Ẹni tó lé igi àkọ́kọ́ lè lé èkejì, ó sì lè lé ẹni tó jókòó sábẹ́ rẹ̀. Bó bá ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, má bẹ ẹnikẹ́ni níbẹ̀, má sì jẹ́ kí ojú tì ọ́ nítorí ìyàwó kápẹ́ńtà. Gbé dígí rẹ, gbé àpótí rẹ, kí o ní kí wọ́n dá igi mi padà, kí ẹ̀yin méjèèjì máa bọ̀ nílé. Àyè yín ṣì wà.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.