Ọmọ Mi Ń Lọ Yunifásítì Nínú Pálọ̀ Mi

Olóòtú ètò orí rédíò wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Ọmọ mi obìnrin ń ṣiṣẹ́ ní láíbìrì. Ó tún ń kàwé gboyè kejì nípa iṣẹ́ láíbìrì náà, lórí kọ̀ǹpútà, nínú pálọ̀ mi. Mo ní kó lọ jókòó sí kíláàsì bíi ti ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Ó ní, "Màámi, ta ló máa bá mi di iṣẹ́ mú? Ta ló máa bá mi tọ́mọ?" Kò wọ̀ mí létí. Yunifásítì wo ni wọ́n ti ń róṣọ mọ́dìí, tí wọ́n gbọ́mọ lé itan?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo pariwo mọ́ ọn: "Dìde níbẹ̀ jàre, ṣé kọ̀ǹpútà lo máa jẹ ni?" Mi ò mọ̀ pé ìbéèrè ìdánwò ló ń dáhùn níwájú àwọn olùkọ́ ẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà náà. Ohùn kan bá jáde látinú kọ̀ǹpútà: "Ẹ kú ilé o, Màmá."

Ọmọ mi bínú, ó gbọ́mọ ẹ̀, ó kó lọ sílé ọ̀rẹ́ ẹ̀. Ó ní òun ò ní padà àfi tí mo bá gbà pé ilé ìwé lòun ń lọ. Mi ò sì lè purọ́ fún un.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ dákun, ṣé oyè gidi ni? Tẹ́ ẹ bá ní bẹ́ẹ̀ ni, màá pè é kí ètò yìí tó parí.

Èmi ni, ìyá tí ọ̀rọ̀ tojú sú.